Oògùn Tí Wọ́n Fi Kí Jùbrílù

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù o. Ẹni tó bá rí i tí ọkọ rẹ̀ ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ló mọ bí àyà ṣe ń já.

Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́njìnnì ló fún ẹsẹ̀ Jùbrílù ọkọ mi mọ́ òpó afárá wa ní Abereke. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́sibítù lókè ilẹ̀, wọ́n fi irin sí egungun itan rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀ wálé, mo sọ fún nọ́ọ̀sì Fẹ́yìsetán pé n kò fẹ́ tìrámádọ̀ọ̀lù nílé mi. Mo ti rí ohun tó fi ojú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa rí. Ó ní kò burú. Ó fún wa ní parasitamọ́ funfun, ó tún fún wa ní pupa kékeré kan.

"Ìyá Mùíz, pupa yìí ń jẹ́ kí wíwú lọ sílẹ̀, ó sì ń ran funfun lọ́wọ́, àmọ́ inú ló ń bá jà. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lò ó. Ẹ má sì fi irú rẹ̀ mìíràn kún un."

Mo ní mo ti gbọ́. Irú rẹ̀ mìíràn, báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a mọ̀?

Lọ́dọ̀ wa, apẹja kì í lọ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Bó bá jẹ́ ìrora ni, oògùn tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé mì kó tó fa àwọ̀n ni yóò mú wá. Ẹnìkan mú aláwọ̀ ewé wá, ẹlòmíràn mú aláwọ̀ ọsàn. Sunday, tí òun àti Jùbrílù jọ ń fa àwọ̀n, mú tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá.

"Ìyàwó wa, èyí ni mò ń lò láràárọ̀. Ẹ wò mí, ṣé mo jọ aláìsàn?"

Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò, tìrámádọ̀ọ̀lù kò sí níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Áà, èmi ọlọ́gbọ́n! Ẹnu ọ̀nà ni mò ń ṣọ́, fèrèsé ni olè gbà wọlé.

Kò pẹ́ tí Jùbrílù kò ké ìrora mọ́. Mo ní Alhamdulillahi. Àmọ́ oúnjẹ púpurú tí mo bá gbé kalẹ̀ fún un láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni màá bá a lọ́sàn-án. Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo gbé póò rẹ̀ lọ dà, mo sì rí ìgbẹ́ dúdú nínú rẹ̀. Mo sáré padà, mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sókè. Ọ̀rá oògùn rẹpẹtẹ!

"Bàbá Mùíz! Ṣé gbogbo èyí lẹ ń gbé mì?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Rekiyat. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń lò."

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo wọn! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni?"

Ó fẹ́ fèsì, òòyì gbé e, ó ṣubú lé mi lórí. Ètè rẹ̀ ti funfun.

Sunday ló gbé ọkọ̀ wá. Ewéko ti bo ojú omi, ẹnjìnnì ń kú, ó ń fi ọ̀pá tì wá. Mo ń ṣe àdúà, mo ń jágbe mọ́ Sunday, n kò mọ èwo ni mò ń ṣe mọ́. Ọwọ́ Jùbrílù tutù nínú tèmi. Ọlọ́run, ẹsẹ̀ ni mo bẹ̀ Ọ́ fún, má gba ẹni tó ni ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi!

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́sibítù. Nígbà tó yá, Dókítà Ọlárìndé da àwọn oògùn náà sórí tábìlì.

"Àwọ̀ wọn ló yàtọ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n. Wọ́n ti dá ọgbẹ́ sí i nínú, ẹ̀jẹ̀ tó ń sun níbẹ̀ ló sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè gbé e dé. Yóò yè é."

Mo bú sẹ́kún. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo yíjú sí Sunday, kí n bú u dénú egungun. Ó fara ti ògiri, ó ń làágùn, ó ti yọ ọ̀rá oògùn tirẹ̀ nínú àpò.

"Dókítà," ó ní, "ìgbẹ́ tèmi náà ti dúdú láti ìgbà òjò."

Mo fa àga fún un, mo ní kó jókòó.