Àgbò Antiyé

Ẹni tó bá ń wá òmùgọ̀ tó gbọ́ Faransé, kó wá sí Akpassi, kó béèrè Rachidi. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, ojú kì í sì í tì í tó bá ń sọ ọ́.

Ismath ìyàwó rẹ̀, ìyá Samsoudine ọmọ wọn, ti fún un ní gbèdéke. Bí iṣẹ́ àgùntàn sísìn tó gùn lé kò bá mú nǹkan gidi jáde lọ́dún yìí, kó padà sí ṣọ́ọ̀bù Luqman, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, kó máa bá a rọ epo bẹntiróòlù sínú ìgò. Rachidi kò fẹ́ padà síbẹ̀ rárá. Ó ní òórùn epo ni kò bá òun lára mu.

Ọ̀kan nínú àwọn àgùntàn rẹ̀ bí ìbejì, akọ ni méjèèjì. Rachidi mú èyí tó tóbi fún ara rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Pẹrẹsidá, ìyẹn ààrẹ, ó fi èyí tó rù ta Ismath lọ́rẹ bí ọkọ rere. Lẹ́yìn náà ló jókòó ronú, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo agbára tí àgbò fi ń sáré tẹ̀lé abo, bí a bá mú ohun tó ń tì í kúrò, ṣebí yóò fi sanra ni. Ó pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n tẹ Pẹrẹsidá lọ́dàá. Nígbà tó kan èkejì, Ismath ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tòun.

Pẹrẹsidá jẹ èèpo iṣu, ó jẹ èérí àgbàdo, ó jẹ èso kajú. Ó ga, ikùn rẹ̀ sì rí rọ̀gbọ̀dọ̀. Rachidi a máa dúró tì í kí àwọn tó ń kọjá lè rí àwọn méjèèjì pọ̀.

Ni rédíò bá kéde lédè Faransé pé ẹgbẹ́ àwọn alágùntàn kan ní Savalou ń wá àgbò tó jẹ́ antiyé, tó sì taagun.

"Kí ni antiyé?" Ismath béèrè.

"Odindi ni," Rachidi dáhùn bíi tíṣà. "Wọn ò fẹ́ èyí tí wọ́n ti gé nǹkan kan lára rẹ̀."

Ó yẹ etí Pẹrẹsidá wò, ó yẹ ìrù rẹ̀ wò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ismath ní tòun náà yóò lọ. Wọ́n kó àgbò méjèèjì sórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó di Savalou.

Myriam, dókítà ẹran tí ẹgbẹ́ náà pè, fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn Pẹrẹsidá, ó tẹ ọrùn rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Nígbà tó nàró, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Bàbá, antiyé la ní kí ẹ mú wá."

"Odindi náà rèé, màdáámù. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Antiyé ni àgbò tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá. A fẹ́ kó máa gun àwọn abo wa ni." Ó fa àgbò Ismath sún mọ́ ọn. "Ẹ wo ọrùn èyí. Èròjà kan wà tí kórópọ̀n akọ ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ẹran ara nípọn, kó sì le, pàápàá ní ọrùn àti èjìká tí àgbò fi ń jà. Ẹ ti mú un kúrò lára tiyín. Egungun rẹ̀ gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló kún ara rẹ̀."

Rachidi wo ìbejì méjèèjì. Èyí tó rù níjọ́sí ti ní ọrùn bí ìdí odó. Ojú tì í débi pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún ojú òun náà yẹ̀ wò, bóyá nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀.

Àgbò Ismath ni wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n jáde, Rachidi ní, "Ó dáa. Lọ́la, màá lọ bá Luqman."

"Ta ni yóò wá máa bá mi sin ẹran?" Ismath béèrè. "Baba Samsoudine, ẹ dúró sílé. Mo máa ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pè yín ní 'ọmọdé yìí' níwájú àwọn oníbàárà. Ó máa ń dùn mí."

Gbogbo ọdún tó fi wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, Rachidi ti rò pé òun nìkan ló ń gbọ́ ọ.