Bọ̀dá Káṣìírò Kọ́ Wọn ní Ìyọkúrò

Kò sí ọmọdé tí kò mọ Bọ̀dá Káṣìírò ní Ìkẹ́rẹ́, ọmọláńgidi onígi tó máa ń de táì pupa, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí pakapaka bí ó bá ń ka ení, èjì. Àwọn tó mọ Ìbídùn kò pọ̀. Opó ni, tíṣà kíláàsì kejì. Òun ló máa ń ká gúlúgúlú sábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi aṣọ bò, tí yóò ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀yìn ọmọláńgidi náà, tí yóò sì máa fi imú sọ̀rọ̀ fún un.

Kọ́láwọlé, tó gbé kámẹ́rà kan bọ̀ láti Èkó, ló dá ètò náà sílẹ̀ nínú kíláàsì kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Tẹlifíṣọ̀n kan ní Adó ń gbé e jáde láràárọ̀ Sátidé. Ọmọ mẹ́ta ló máa ń jókòó lórí àga gbọọrọ níwájú tábìlì. Bí ọmọ kan bá sọ pé "ulé," bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, Bọ̀dá Káṣìírò á ní "ilé" ni wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn á sì pàtẹ́wọ́.

Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ kíkà àti ìròpọ̀ kí wọ́n tó kan ìyọkúrò. Lọ́jọ́ náà, ọsàn márùn-ún ni Ìbídùn kọ sínú ìwé rẹ̀, kí ọmọ kan jẹ méjì níbẹ̀. Ó fẹ́ la ẹnu báyìí ló mọ̀ ọ́n lára tí àgbọ̀n ọmọláńgidi náà mì mọ́ ìka rẹ̀, kí ìka rẹ̀ tó mì. Ohùn tó jáde, ohùn tó máa ń ṣe fún un gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìbídùn wà ní pípadé.

"Praise, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé yín?"

Praise dìde, ó ní márùn-ún ni àwọn.

"Yọ ìyá àgbà kúrò. Ó ku mélòó?"

"Ó ku mẹ́rin."

"O káre. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n parí, Kọ́láwọlé sọ fún Ìbídùn pé ohun tó fi kún un yẹn dùn ju ọ̀rọ̀ ọsàn lọ. Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó rò ó pé ohun tí àárẹ̀ ń fojú èèyàn rí pọ̀ ju báyìí lọ. Ní Wẹsidé, ìyá àgbà ilé Praise sùn lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jí mọ́. Ó ti ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó kan Fisáyọ̀. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wà nílé tiwọn. Ọmọláńgidi náà ní kó yọ bàbá rẹ̀ kúrò. Ọmọ náà na ìka mẹ́fà, ó ká ọ̀kan, ó ní ó ku márùn-ún. Ní Fúráidé, ọkọ̀ tó kó pákó kọ lu bàbá náà lórí ọ̀kadà bó ṣe ń bọ̀ láti Orun. Ìbídùn lọ kí wọn. Ó bá Fisáyọ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá, tó jókòó tó ń wo ìka rẹ̀. Èyí tó ká, kò tíì nà án.

Láti ibẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Kọ́láwọlé lọ. Kò sunkún. Ó ṣàlàyé bí tíṣà ṣe ń ṣàlàyé, pé kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Kọ́láwọlé bu omi fún un, ó ní ọ̀fọ̀ ló wọ̀ ọ́ lára, pé àwọn ọmọ Ẹmùrẹ́ pàápàá ti ń wo ètò náà báyìí, ẹ̀kọ́ ìyọkúrò ẹyọ kan péré ló sì kù. Bí kò bá lè wá, Motọ́lání àbúrò òun á ki ọwọ́ bọ ọmọláńgidi náà. Pásítọ̀ ní tirẹ̀ gbàdúrà fún un, ó ní kó lọ sinmi.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun kò bá lọ, ẹlòmíràn á lọ. Bí òun bá lọ, òun lè fi ìka fún ẹnu náà pa. Ó bá lọ.

Kò mọ̀ pé ìyá Fisáyọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá mọ́. Nígbà tó ti wọ abẹ́ tábìlì tán, Kọ́láwọlé mú Tèmi, ọmọ Ìbídùn, ọlọ́dún mẹ́fà tó ń dúró de ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi dípò Fisáyọ̀.

Ìbídùn fún ẹnu igi náà pa títí ìka rẹ̀ fi kú. Ẹnu náà ṣí.

"Tèmi, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ulé yín?"

Bí wọ́n ṣe ń pe ilé nínú ilé tiwọn ló pè é.

"Méjì ni wá. Èmi àti mọ́mì mi."

"Yọ ẹnì kan kúrò."

Ìbídùn ti tábìlì ṣubú, ó dìde tòun ti ọmọláńgidi lọ́wọ́. "Èmi ni, Tèmi. Èmi ni kó o yọ."

Àyà ọmọ náà kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni, ó sì fẹ́ dáhùn dáadáa. "Ó ku ẹyọ kan," ló wí. Kọ́láwọlé ti pàtẹ́wọ́ kó tó mọ̀ pé òun pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìbídùn fi ń retí ikú ara rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Jọkẹ́ àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn nípa ilé ìwé Tèmi. Ó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ní Tọ́sidé, Tèmi ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n gbé e lọ sí Adó, dókítà ní ibà ti wọ ọpọlọ. Ní àárọ̀ Sátidé, ó kú.

Ìbídùn dáná sun ọmọláńgidi náà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó jó bí igi yòókù ṣe ń jó. Kọ́láwọlé padà sí Èkó, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn tẹlifíṣọ̀n Adó kò yé gbé àwọn ètò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ jáde.

Lára àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ni obìnrin kan láti Orun, tó gbé iṣu mẹ́ta wá. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè sọ. Ó ní ọmọ òun kò mọ ìṣirò rárá tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó ń wo Bọ̀dá Káṣìírò. Ọmọ náà ti ń ṣe ìyọkúrò báyìí láì ka ìka.

"Ẹ ṣeun, tíṣà," ló wí.

Ìbídùn ní kò tọ́pẹ́. Ó gba iṣu náà, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà kò gùn tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀ fi ṣú.