Irin Abẹ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ilé tí wọ́n bí Akínpẹ̀lú sí ní Ìrẹsà kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ mọ́. Aládùúgbò ti mọ ògiri dí ẹ̀yìnkùlé, olè sì ti mú kí wọ́n fi irin há gbogbo fèrèsé. Inú ilé náà ni Dámisí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akínpẹ̀lú ń gbé. Òun àti Anas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ọ̀yọ́ tó ń ra àlòkù idẹ, ni wọ́n jọ ra ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ṣójà kan kọ́ ìbọn yíyìn ní pápá kan lẹ́yìn Ìrẹsà, òfìfo ọta sì ṣì wà níbẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Ẹ̀rọ á ké bí ọmọ ológbò, wọn á fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, idẹ á yọjú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n yà kí ìyá. Akínpẹ̀lú gbàgbé pa ẹ̀rọ. Bó ti fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ náà figbe ta lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dákẹ́. Anas ní ahun ni bàbá Akínpẹ̀lú, bí kò bá rí owó rẹ̀ gbé sọ́run, ibí yìí ló máa rì í sí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Ìyá ń bèèrè láti inú yàrá pé kí ni wọ́n ń wá, wọ́n ní kó fara balẹ̀.

Ohun tó yọjú sanra ní ikùn, ó sì ní ìrù bí ẹja. Anas gbé ọkọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fẹ̀yìn rìn títí dé ìdí máńgòrò.

“Bọ́ǹbù ni,” ló wí.

Ìyá kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó ní ọkọ òun ló rì í síbẹ̀. Oko ọdẹ ló ti rí i nígbà táwọn ṣójà lọ tán, ó ní irin tó já bọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni, irin aláàánú ni, ibi kò ní kọjá lórí rẹ̀ wọlé. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ gbogbo ìyàwó tó wọ ilé náà, títí kan ìyàwó Akínpẹ̀lú.

Ọlọ́pàá tí wọ́n pè lórí fóònù ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má bò ó, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má sì mì: àwọn tó mọṣẹ́ náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí ẹnì kankan. Gbígbé ìyá jáde gba ọkùnrin méjì, ẹnu ọ̀nà sì há, etí ihò náà ni wọn yóò tẹ̀. Anas gun ọ̀kadà lọ Ọjà Igbó láti wá wẹ́dà tí yóò gé irin fèrèsé. Wẹ́dà tó bá gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ á rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Obìnrin tó ń bá ìyá se oúnjẹ náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀, ìyá fi oríkì pe Akínpẹ̀lú láti inú yàrá.

“Àlàó, ṣé wọ́n ti dé?”

“Wọ́n ń bọ̀, ìyá mi.”

“Bo nǹkan bàbá yín. Òjò ń bọ̀.”

“Wọ́n ní ká má bò ó.”

“Ó ti ń sùn látọjọ́ yìí. Ìwọ lo jí i.”

Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí Akínpẹ̀lú rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ebi ti ń pa ìyá láti àná. Ó bọ́ bàtà.

“Má wọlé o, Àlàó.”

Láyé rẹ̀, kò gbọ́ ọ rí kí ìyá yìí sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kankan. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣáájú bí ìyàwó tuntun, ó ré ihò náà kọjá, ó jókòó ti ìyá lórí ibùsùn, ó sì tú ewé ẹ̀kọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ti ń kán lu irin náà, tó ń fọ amọ̀ ara rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Ìyá jẹ òkèlè kan, ó ní iyọ̀ ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Akínpẹ̀lú tẹ́tí sí ojú títì bóyá òun á gbọ́ ìró mọ́tò. Òjò nìkan ló gbọ́.