Iyùn Inú Gíláàsì

Omi inú ìgò kékeré náà yára yí àwọ̀ padà ju bó ti yẹ lọ. Olúfúnṣọ́ dà á nù, ó bu òmíràn, ó tún ń kán oògùn àyẹ̀wò sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé omi lè tijú kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni omi ń wí: agbára inú omi tí iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀ ti tún lọ sílẹ̀. Nínú táńkì gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú àwọn iyùn náà ti bọ́ awọ mọ́jú. Egungun rẹ̀ hàn funfun báláú, àwọn kéékèèké náà sì ti ń bọ́ tẹ̀lé e.

Iyùn tí àwa mọ̀ nílé, ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọ pé ó ń jẹun. Àṣé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni láti inú òkun wá, ó sì gba ìkẹ́ ju ọmọ ọba lọ: omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná jù, kò gbọdọ̀ tutù jù, iyọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Èyí kò ju àtàńpàkò lọ lọ́jọ́ tí Olúfúnṣọ́ àti Jọmílójú ọmọ rẹ̀ rà á, kí Adéọlá, ìyá ọmọ náà, tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Denton, ìlú tó wà nítòsí. Ọmọ bá ìyá rẹ̀ lọ. Iyùn kò ṣeé dì mẹ́rù, ó kù sílé. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Jọmílójú ń wá fún un lóúnjẹ, táá sì gé ẹ̀ka rẹ̀ tó bá gùn jù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí iyùn bá kú, kí ni yóò tún máa gbé e wá sílé bàbá tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ? Ẹ̀rù tó ń ba Olúfúnṣọ́ nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Kò sí ohun tí kò tíì ṣe. Ó ti pààrọ̀ iná, ó ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó ti pààrọ̀ iyọ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun ní Addison, tó gbàgbọ́ pé kò sí àléébù tí kò ní orísun, ti wá di ẹni tó ń gbààwẹ̀ nítorí táńkì omi. Ó pe Kàmíl, tó ń ta ẹja àti iyùn ní Lewisville.

“Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń wọnú omi yẹn o,” ni Kàmíl wí. “Level yẹn ò lè máa já báyẹn fúnra ẹ̀. Ẹ check ilé yín dáadáa. Àwọn tí egungun wọn ti yọ, ká má parọ́ fúnra wa, wọ́n ti lọ nìyẹn.”

Ìyá Olúfúnṣọ́ wà ní kíṣìnnì, ó ń fọ abọ́. Ìṣẹ́yìn ló ti wọ bàálù wá, nígbà tó gbọ́ pé ilé ọmọ òun ti ṣófo. Olúfúnṣọ́ bi í bóyá ó fín oògùn ẹ̀fọn sílé.

“Ẹ̀fọn wo? Mi ò fín nǹkan kan o.”

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn.

Olúfúnṣọ́ wọ gáréèjì lọ po omi iyọ̀ tuntun. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ìyá rẹ̀ ti dúró ti táńkì. Ó di nǹkan kan sínú aṣọ pélébé, ó ń fà á yí ká inú omi, ètè rẹ̀ sì ń mì.

“Bí omi yìí ṣe ń tòrò, bẹ́ẹ̀ ni kí ilé ọmọ mi tòrò. Kí ìyàwó rẹ̀ padà wá. Lórúkọ Jésù.”

Òkúta álọ́ọ̀mù ni. Olúfúnṣọ́ kò nílò kí wọ́n tú aṣọ náà fún òun kó tó mọ̀. Òun ni ìyá rẹ̀ máa ń fi sínú àgbá omi òjò nígbà tó wà ní kékeré, kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sílẹ̀, kí omi mímu mọ́. Omi táńkì ti rú díẹ̀ lọ́sẹ̀ tí màmá dé, màmá sì rí bí ọmọ òun ṣe ń fajú ro níwájú rẹ̀. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kí ọmọ tó jí, ló ń ṣe é. Lónìí tí ọmọ kò kúrò níbẹ̀, ó fi sùúrù dúró dìgbà tó wọ gáréèjì. Ohun tó ń mú omi mímu mọ́ yìí gan-an ló ń jẹ agbára omi iyùn run.

Inú bí i débi pé ó di ara ògiri mú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ata ni. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a ká mọ́ ibi tó ti ń ṣoore.

“Àjàní,” ó fi oríkì pè é, “ṣó o ti rí i? Ó ti ń mọ́.”

“Mo rí i, mà. Ẹ má wulẹ̀ fi sí i mọ́. Ó ti tó.”

“Ọlọ́run ṣeun.”

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, Adéọlá já ọmọ sílẹ̀ níwájú ilé. Òun kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Jọmílójú kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó sì lọ tààrà síwájú táńkì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Olúfúnṣọ́ fi bá a sọ̀rọ̀, kí ìyá àgbà má bàa gbọ́. Ó ní òun lòun fi ohun tí kò yẹ sínú omi, òun ò fara balẹ̀, kó má bínú. Ó wá ń retí ẹkún. Ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Bí ọmọ bá sunkún, òun á gbá a mọ́ra, wọn á jọ lọ ra kékeré mìíràn, wọn á tún bẹ̀rẹ̀.

“It's okay, Dad,” ni Jọmílójú wí. “I'm not mad.” Ó fi ìka kan gíláàsì díẹ̀. “Mommy ní kí n sọ fún yín. Practice wa ní school ti di Saturdays báyìí. I was so worried, mi ò mọ ẹni tó máa máa feed wọn.”

Olúfúnṣọ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kù, ìtura ni. Ojú ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni, lẹ́yìn tó ti ń rù ú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò ráyè sọ pé ó wúwo.

Ó bi í bóyá yóò jẹun. Ìyá àgbà ti se ìrẹsì.

“Ẹ ṣé, Daddy. Mo ti jẹun nílé.”

Denton ló ń pè bẹ́ẹ̀.

“Ó dáa,” ni Olúfúnṣọ́ wí, ó sì lọ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí yóò fi gbé e padà.