Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Igbákejì

“Sọ fún ọ̀gá ẹ pé ọwọ́ Ògiri ti wú. Tó bá fi lè gbé ọmọ ọlọ́mọ sójú ilé lónìí, á jẹ́ pé agídí tó ń ṣe nílé ló tún gbé wá síbí.”

Ìyá Gólì kò gbójú sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń fi báńdéèjì wé ọrùn ọwọ́ ọmọbìnrin gíga kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ògiri, nítorí pé bọ́ọ̀lù kì í sábàá kọjá lára rẹ̀. Igbákejì ní, “Mo ti gbọ́, mà,” ó sì kọrí sí yàrá tí ọ̀gá ti ń múra.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Kóòṣì mẹ́ta péré ló ń tọ́jú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Ọkọ ni kóòṣì àgbà, ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn aṣọ́lé, òun ni àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Gólì. Igbákejì ni ẹni kẹta. Ó kàwé nípa eré ìdárayá o, àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n gbá kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Ògiri wọlé, Kóòṣì sì sọ lójú gbogbo ọmọ pé, “Kì í ṣe ẹjọ́ aṣọ́lé. Ẹjọ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.” Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé wá síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn sì ni ìyàwó ń jókòó sí, bí ẹni tó wọ takisí.

Àwọn òbí Igbákejì tọ́ ọ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló kó o sí wàhálà. Wọ́n kọ́ ọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe là ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí iṣẹ́ tí tọkọtaya yìí rán an tí kì í fi oyin sí kó tó jẹ́ ẹ.

“Màmá ní kí n kí yín, sà,” ló wí fún Kóòṣì. “Wọ́n ní ká rọra lo Ògiri lónìí.”

“Ta ló ń lò ó nílòkulò?” Kóòṣì ń so okùn bàtà rẹ̀. “Sọ fún un pé kó gbájú mọ́ tiẹ̀. Ògiri ló máa ṣọ́lé.”

Igbákejì padà sọ́dọ̀ Ìyá Gólì. “Ọ̀gá ní ẹ ṣé, mà. Wọ́n ti gbọ́.”

Nígbà tí eré máa bẹ̀rẹ̀, Ògiri wọ ìbọ̀wọ́, ó sáré lọ sójú ilé. Igbákejì jókòó sáàárín ọkọ àti ìyàwó lórí bẹ́ńṣì, ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì jẹ́ kí apá ọ̀tún gbọ́ ti apá òsì. Ìyá Gólì fẹnu sí i létí.

“Ó gbọ́, ó sì tún gbé e wọlé? Sọ fún un pé tí ọwọ́ ọmọ yẹn bá kán, òun ló máa lọ ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀.”

“Kí ló ń wí?” Kóòṣì béèrè láti apá kejì.

“Wọ́n ní kí Ọlọ́run gbè wá, sà.”

“Àmín.”

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú àwọn alátakò fi gbá bọ́ọ̀lù líle kan wá. Ògiri fò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a dànù, ó sì ṣubú. Gbogbo pápá ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ kan ni ọmọ náà fi ti ara rẹ̀ dìde, ó há ìkejì sí abíyá, ó ń wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Kóòṣì wí. “Ògiri gidi.”

Inú bí Igbákejì. Inú bí i sí Kóòṣì, inú bí i sí Ìyá Gólì, èyí tó bí i sí ara rẹ̀ ló wá pọ̀ jù. Àgbà méjì ń ṣe bí ọmọdé, òun ń pa irọ́ dídùn fún wọn, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó dìde.

“Sà, Màmá ti sọ ṣáájú eré pé ọwọ́ Ògiri wú, pé kí ẹ má gbé e sójú ilé. Èmi ni mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Màmá, ọ̀gá ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ mọ́.”

Kóòṣì la ẹnu. “Sọ fún un pé…”

“Mi ò sọ, sà.”

Ó pe aṣọ́lé kejì tó jókòó ní ìparí bẹ́ńṣì pé kó wọ ìbọ̀wọ́, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ìlà. Àyè tó fi sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ṣófo. Kò sí ẹni tó sún sí i nínú wọn.

“Ṣé ó wú púpọ̀?” ni Kóòṣì béèrè.

Igbákejì gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò yíjú padà, kí wọ́n má baà tún rí i rán. Ìyá Gólì fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

“Ó wú, Bàbá Ìbejì. Ẹ pè é jáde.”

Kò sí oyin kankan nínú ohùn náà. Kóòṣì dìde, ó sì nawọ́ sí rẹfirí.