Àwọn Ibi Tí A Gé Dànù

“Mà, ẹ mú báàgì yẹn wá kí n sọ ọ́ sí búùtù.”

Josiah awakọ̀ ti na ọwọ́ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Àtinúkẹ́ fà sẹ́yìn, ó di báàgì náà mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹnìkan kò ní sọ ọ́ síbì kankan. Orí itan mi ni yóò wà.”

“Ṣé ẹyin ni?”

“Kì í ṣe ẹyin.”

“Torí bó bá jẹ́ ẹyin, ẹ wí, kí n lè mọ bí n óò ṣe máa bọ́ sí kòtò.”

Obìnrin tó wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà lẹ́bàá fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. “Josiah, ìgbà wo lo mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sí kòtò? Kòtò ló máa ń bọ́ sí ọ!”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Àtinúkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí ẹ̀rín ti jìnnà sí i.

Háàdì ló wà nínú báàgì náà, àpótí pẹlẹbẹ dúdú kan tí kò ju ìwé orin lọ, irú èyí tí wọ́n máa ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó nǹkan pamọ́ sí. Ohùn ìyá rẹ̀ ló kó pamọ́ síbẹ̀. Ìyá náà, ọmọ Ìrẹsà, ti kú láti ọdún méjì. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó mọ ẹkún ìyàwó agbo ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, arò tí ọmọge fi ń dágbére fún ẹbí lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ. Kí ó tó kú, Àtinúkẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lo odindi oṣù Kẹjọ kan lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń gba ẹkún náà sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dà kejì. Bí háàdì yìí bá lọ, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, tòun ti ẹkún.

Iná ló fà á. Lọ́jọ́ Sátidé, ó so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè gbọ́ ohùn Màámi, bí ó ti máa ń ṣe bí ilé bá dá. Iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú tipẹ́, ni gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lójijì. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí nǹkan kan nínú háàdì mọ́, àfi kí wọ́n nù ún nù kí ó tó ṣeé lò. Ó ń béèrè: bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àtinúkẹ́ fa wáyà yọ. Nùrẹ́nì, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàn án wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ́ ohun kan tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú rẹ̀, ó sì yára pa á.

“Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tan án, Mà. Ẹ gbé e lọ bá Israfil ní Ògbómọ̀ṣọ́.”

Ọkọ̀ gbéra ní gáréèjì Owódé nígbà tí oòrùn ń yọ nínú ọyẹ́. Ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá ti rìn ín lọ́mọdé kò lè gbàgbé rẹ̀: igi ẹmi àti igi igbá lápá ọ̀tún, lápá òsì, koríko gíga tó ti gbẹ, eruku pupa tí kì í jẹ́ kí aṣọ funfun ó dé ibi tó ń lọ ní funfun. Láyé ọjọ́un, bí ọkọ̀ bá ti dé Odò Ọ̀bà, àwọn èrò á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á wo omi. Lónìí kò sẹ́ni tó wò ó. Olúkúlùkù dojú kọ fóònù. Àtinúkẹ́ ń ka kòtò. Bí Josiah bá ti bọ́ sí ọ̀kan, á gbé báàgì sókè kúrò lórí itan, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á nínú afẹ́fẹ́, títí apá fi ń ro ó.

Ṣọ́ọ̀bù Israfil kò jìnnà sí Tákíé, àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá tóóró kan ni, òórùn òjé tó yọ́ kún ibẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú ìfun wọn síta wà lórí pẹpẹ. Israfil fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé lógójì, fìlà híhun lórí, ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ọ̀nà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ò tíì dáa?”

“Ó ti ń dáa bọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge.”

Ó gba háàdì, ó tan iná kékeré sí ojú ihò tí wáyà ń gbà wọlé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi họ inú ihò náà. Hóró ìrẹsì kan bọ́ sórí tábìlì.

“Mà, kí nìyí?”

Ojú tì í. “Ìrẹsì.”

“Mo rí i pé ìrẹsì ni. Ó bọ́ sómi ni?”

“Rárá. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n rì í sínú ìrẹsì fọ́jọ́ méjì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni fóònù òun ṣe jí.”

“Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́,” ni Israfil wí. “Wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n fi òróró yàn wá bá mi. Wọ́n ti gbé èyí tó sùn nínú fíríìsà wá. Ìrẹsì nìkan ni n kò tíì rí. Kí lẹ wá fi ìrẹsì náà ṣe?”

“Mo sè é.” Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀.

Israfil rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó so háàdì mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ohùn kẹ́-kẹ́-kẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

“Ẹ gbọ́, Mà. Àwo kan ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì ń kà á, bíi giramafóònù ayé àtijọ́. Ó ti rẹ abẹ́rẹ́ yín. Àwo náà ti dégbò níbì kan. Gbogbo ìgbà tí a bá tàn án ni egbò náà ń fẹ̀ sí i. A ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ la máa mú, ká jáde.”

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú háàdì kiri. Àtinúkẹ́ jókòó. Ó dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn ọlọ́kadà, ó padà wá. Ó ka kàlẹ́ńdà ara ògiri láti Jánúárì dé Disẹ́ńbà.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ti ń yí ju àwo yín lọ.”

Lẹ́yìn wákàtí kan, Israfil pè é sójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí ó fi sùúrù kọ sí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti lọ. Nọ́ńbà ló kù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Mẹ́rìnlá tóbi, ojú egbò gan-an ni wọ́n wà. Igba ó lé mẹ́fà kéré, ibi tí wọ́n wà sì gbádùn.

“Ẹnìkan ti pa àwọn kéékèèké yìí rẹ́ rí,” ni Israfil wí. “Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pa rẹ́ kì í tètè lọ. Orúkọ rẹ̀ là ń pa. Òun alára á wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gun orí rẹ̀. Èwo ni ká kọ́kọ́ kó? N kò lè ṣèlérí pé agbára rẹ̀ á ká méjèèjì.”

“Àwọn ńláńlá,” ni Àtinúkẹ́ wí. Kò tilẹ̀ béèrè ohun tó wà nínú àwọn yòókù. Mẹ́rìnlá ni ẹkún tí ó gbà. Ó mọ iye ohun tó sọnù lọ́wọ́ òun.

Àkọ́kọ́ jáde. Ohùn Màámi kún ṣọ́ọ̀bù, ó ń sun ẹkún, ohùn tó gbẹ lókè, tó tutù nísàlẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ohùn náà dàrú, ó di bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ ìlọta, ó dákẹ́. Ìkejì kò jáde rárá. Nínú ìkẹta, ikọ́ kan ṣoṣo.

“Dá a dúró!”

Israfil pa á. “Mo lè fipá wọ̀ ọ́, Mà.”

“Bó o bá fipá wọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Ó lè jẹ́. Ó sì lè kú mọ́ wa lọ́wọ́, tọmọdé tàgbà inú rẹ̀.” Wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí. Ó dìde, ó mú kẹ́tùlù. “Ẹ jẹ́ kí n kírun. Ẹ rò ó wò.”

Àtinúkẹ́ àti háàdì ló kù nínú yàrá. Ó fẹ́ sunkún, omijé kò wá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ ni Màámi máa ń wí. Òun kò sunkún, òun kò sì rí nǹkan kan. Mẹ́rìnlá náà ń fà á. Bí ó bá ní kí Israfil fipá wọ̀ ọ́, bóyá gbogbo rẹ̀ á padà. Ìgbà tó tún wò ó, ó ń gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Nígbà tí Israfil wọlé, tí omi àlùwàlá ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, Àtinúkẹ́ ti dìde dúró.

“Kó àwọn kéékèèké. Kí n rí nǹkan kan mú lọ sílé.”

Ó ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ náà ń yára sí i. Nígbà tí wọ́n dé àádọ́wàá, àwọn méjèèjì ti tẹ̀ mọ́ tábìlì. Ìgbà tí igba ó lé mẹ́fà pé, háàdì dún lẹ́ẹ̀kan, tó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ, àwo inú rẹ̀ kò sì yí mọ́. Israfil gbé ọwọ́ lé e.

“Ó ti lọ, Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́.”

Ó fọwọ́ tẹ fáìlì àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n rí kó.

“Ṣé ó ti ń gbà á?” Màámi ni. “Iná pupa yẹn ni mo máa bá sọ̀rọ̀ ni, àbí ìwọ?”

Àtinúkẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Màámi kì í sun ẹkún lọ tààrà. Á sun ẹsẹ kan, á wá fi ẹnu lásán wí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á dákẹ́, á máa wo ojú ọmọ títí ọmọ yóò fi wí i tẹ̀lé òun. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ohun tó mọ́, tó ń lọ geere, ni Àtinúkẹ́ fẹ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ fún Nùrẹ́nì pé kí ó yọ ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìdákẹ́jẹ́ kúrò. “Mà,” ni Nùrẹ́nì wí nígbà yẹn, “ohun tí ẹ ní kí n gé pọ̀ ju ohun tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀.” Àgékù náà gba àyè nínú háàdì. Òun fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n rẹ́.

Israfil tẹ ìkejì. Màámi wí ẹsẹ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ó yá, wí i.”

Ohùn Àtinúkẹ́ alára dáhùn, ó mú, ó ń kánjú: “Màámi, ẹ máa bá a lọ jàre. Ẹ̀rọ ti gbà á.”

Ìkẹta rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin pẹ̀lú. Nígbà tó máa di ìkẹsàn-án, Màámi kò sọ pé kí ó wí i mọ́, Àtinúkẹ́ náà kò sì dáhùn. Ẹsẹ kan, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́. Òmíràn, ìdákẹ́jẹ́. Ìyá náà kàn ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí àyè wà.

“Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ò ní í pẹ́ tán o, Mà,” ni Israfil wí. Ó tẹ ìkẹwàá.

“Ìyá mi, ẹ bá mi wo ẹ̀yìnkùlé kí n tó máa lọ,” ni Màámi wí nínú ẹ̀rọ. “Ó lè jẹ́ mo gbàgbé ẹsẹ̀ mi kan síbẹ̀.”

Ó dákẹ́. Ewúrẹ́ kan ké ní Ìrẹsà. Ẹnìkan ń gún nǹkan lókèèrè. Israfil na ọwọ́ kí ó fo ibẹ̀.

“Kò sí nǹkan níbí, Mà. Ó ṣófo.”

“Fi sílẹ̀.”

Àtinúkẹ́ wí i tẹ̀lé e. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ há, kò dùn, ó sì mì nígbà tó dé ìdajì.

“Ìyá mi, ẹ bá mi wo ẹ̀yìnkùlé kí n tó máa lọ. Ó lè jẹ́ mo gbàgbé ẹsẹ̀ mi kan síbẹ̀.”

Ewúrẹ́ náà tún ké. Màámi mí sókè, ó mí sílẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní. “Òmíràn nìyí.”

Àtinúkẹ́ fa àga súnmọ́ tábìlì.