Àwòrán tí Wọ́n Gé sí Mẹ́ta

"Ẹ jẹ́ ká pín in, kí kálukú mú tirẹ̀ lọ," ni Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ní Ṣakí, wí, ó sì nawọ́ mú àlùmọ́gàjí.

Olúkúnlé kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Àwòrán ńlá kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, èyí tí bàlúù yà láti òkè, tó fi gbogbo ọ̀dàn Ilua hàn. Ọ́fíìsì mẹ́ta ni ìjọba ní kó jọ lò ó: awọnlẹ̀, àgbẹ̀, àti fọ́rẹ́sítì tí Olúkúnlé ń bá ṣiṣẹ́. Wọn yóò fi mọ ibi tí iná ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbà, wọn yóò sì ro ọ̀nà gbooro kan síbẹ̀ tí iná kò ní lè fò kọjá.

"Ọ̀gá, tí ẹ bá gé e, báwo la ó ṣe mọ ibi tí ọ̀nà tiwa ti pàdé tiyín?"

"Ọ́fíìsì tiyín ni kó wá gbé odidi rẹ̀ lọ?" Ìyáàfin Oyèlékè, ọ̀gá àgbẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Bí ẹran iléyá la ó ṣe pín in. Kò ní mú ìjà wá."

Wọ́n gé e. Olúkúnlé ká ìdá tirẹ̀, ó sì mú un lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló lọ sí Ilua. Ó bá Àsíátù, opó tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràsáàkì, lẹ́bàá àká iṣu rẹ̀ pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Àṣà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n fúnra wọn jó etí oko kí iná àwọn ọdẹ tó dé, kí iná ńlá má bàa rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Fọ́rẹ́sítì ti fòfin de ìyẹn lọ́dún yẹn.

"Ẹ má dáná, Ìyá. A ti rí gbogbo ilẹ̀ yìí nínú àwòrán. Iná ò ní dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ọ̀gá." Ó ti ògùṣọ̀ náà bọ iyẹ̀pẹ̀, iná rẹ̀ sì kú.

Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ro ìwọ̀n tó wà nínú bébà tirẹ̀. Níbi tí àlùmọ́gàjí gbà, oníkálukú ní ti ẹnìkejì òun ni. Koríko ibẹ̀ dúró gbọn-in, ibẹ̀ gan-an ni iná àwọn ọdẹ sì gbà wọlé nígbà tí ọyẹ́ mú. Ó jó gbogbo iṣu Àsíátù, ó jó ebu tí ì bá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ṣèpàdé ní Ṣakí, ọ̀yà ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ọ̀yà tí iná lé jáde nínú ìgbẹ́ Ilua ni.

"Ibi tó jó yẹn kò sí nínú tèmi," ni Ìyáàfin Oyèlékè wí.

"Kò sí nínú tèmi náà," ni Ìyápọ̀ fi ẹran kún ẹnu dáhùn. "Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wa yọrí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Lẹ́yìn náà ló yọ itan méjì sọ́tọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó sì fa bébà àwòrán tirẹ̀ jáde, ó fi dì í. Epo mu gbogbo Ilua.

Ìríra wọn mú Olúkúnlé, ìríra ara rẹ̀ náà sì mú un. Ó dìde, ó tú ẹran náà sórí tábìlì lásán, ó sì ká bébà náà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ìyápọ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ti lò ó tán, ọ̀gá."

Oko ọkà bàbà ló kù fún Àsíátù, lódìkejì odò, koríko gbígbẹ sì yí i ká. Ibẹ̀ ni Olúkúnlé bá a. Obìnrin náà wo bébà ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ tún mú àwòrán wá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ó bọ́ fìlà fọ́rẹ́sítì orí rẹ̀. "Ibo lẹ ti máa ń kọ́kọ́ ti iná bọ etí oko yín?"

Àsíátù wò ó títí, kó tó nawọ́ síbi tí atẹ́gùn kẹ̀yìn sí. Olúkúnlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti bébà náà sábẹ́ koríko, ó sì ṣá ìṣáná sí i. Epo ti wà lára rẹ̀, kò pẹ́ rárá kó tó gbiná.